Bàbá Àgbà Mi àti Odò Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Méjì

Bàbá àgbà mi kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kọkànlá, nínú ilé wa ní Clonsilla lẹ́bàá Dublin, lẹ́yìn tó ti mu tíì rẹ̀ tán, tó sì ti bá ọkùnrin tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí rédíò jiyàn. Ọkùnrin yẹn ní òjò máa rọ̀. Bàbá ní irọ́ ni, kò ní í rọ̀. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá mi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà, sọ fún mi pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn nígbà tí dókítà lọ tán nìyẹn: pé bàbá òun jàre nínú iyàn tó jà kẹ́yìn, kò sì sí níbẹ̀ láti fi yangàn.

Mi ò fẹ́ ka ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìdágbére ti ṣe ìyẹn, wọ́n sì ṣe é dáadáa, àyàfi pé ẹni tí wọ́n ń ṣàpèjúwe níbẹ̀ jẹ́ onísùúrù ju ẹni tí mo mọ̀ lọ. Ẹni tí mo mọ̀ fẹ́ràn iyàn bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Jòsáyà lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Bàbá Pósítì ni gbogbo èèyàn ń pè é nílé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà káàkiri agbègbè Ìmẹ̀kọ, ìlú kan tó wà nítòsí ẹnubodè wa pẹ̀lú ilẹ̀ Benin. Màmá mi ti gbé mi wá sí Dublin kí n tó pé ọmọ ọdún kan, lásìkò tí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ń wá ibi ìsádi níbí. Ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó rí ìwé ìgbélùú gbà, ó sì rí ilé. Nígbà tí màmá àgbà kú, ó ní bàbá òun ò ní í dá gbé. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, pẹ̀lú báàgì kan tó kún fún aṣọ tó pè ní aṣọ òtútù, tó jẹ́ pé aṣọ tí mo fi ń sùn nípọn jù wọ́n lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà yẹn. Mo ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin tó máa ń sáré jáde lẹ́nu. Bàbá ò bínú sí i rí. Á dúró kí n sọ tèmi tán, á rọra mi orí, á wá ní: “Mo gbọ́ o. Ó yá, tún un sọ fún mi nílé wa.” Ohun tó ń pè ní ilé wa ni èdè wa.

Òun náà sì kọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ará ibí, “grand,” tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dáa, kò burú, ó tó bẹ́ẹ̀. Bàbá gbà á, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá kí i, “Ẹ kú àárọ̀ sà, ṣé dáadáa lẹ jí?” á ní, “Mo wà gráǹdì, ọpẹ́ ni f’Ọ́lọ́run.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ inú àdúrà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní kó gbàdúrà níwájú ìjọ, ó ní, “Olúwa, jẹ́ kí ara àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ òru wà gráǹdì.” Pásítọ̀ wa ṣe àmín kó tó ráyè rẹ́rìn-ín.

Ìwà rẹ̀ kan wà tó kọ́kọ́ máa ń tì mí lójú gan-an. Kò sí ohun tó máa rí tí kò ní í béèrè orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá. Bí a bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Blanchardstown, á kí awakọ̀, á béèrè orúkọ rẹ̀, á béèrè ìlú bàbá rẹ̀, àwọn èrò á sì tò sẹ́yìn wa nínú òjò. Èmi á máa fa apá kóòtù rẹ̀. Ó béèrè orúkọ ajá, ó béèrè orúkọ igi, ó béèrè orúkọ ẹni tó se ọbẹ̀ tí wọ́n gbé fún un nígbà tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Omi tóóró kan ń ṣàn gba ẹ̀yìn àwọn ilé wa. Láti ìpínlẹ̀ Meath ló ti ń bọ̀, ó gba inú pápá kan kọjá ààlà wọ Dublin, ó gba abẹ́ afárá kékeré kan, ó sì wọ inú igbó lọ. Ọmọdé lè fò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti dàgbà, mi ò tíì wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Bàbá ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan pé nílé wa tó fi lọ kan ilẹ̀kùn Brendan, aládùúgbò wa, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, láti béèrè orúkọ odò náà. Mo tẹ̀ lé e láti ṣe ògbufọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún ju tèmi lọ.

Brendan wo ibi tí Bàbá nàka sí. “Ìyẹn?” ló wí. “Kò lórúkọ kankan. Omi lásán ni.”

“Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé ibí?”

“Á tó ogójì ọdún.”

Bàbá pa ọwọ́ pọ̀. “Ogójì ọdún lẹ̀yin àti odò yìí ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ara yín, ẹ ò sì tíì kí ara yín!”

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Brendan wọ sílípáàsì sáré wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ti lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Bàbá wọn, tó ń ṣiṣẹ́ oko lágbègbè yìí láyé àtijọ́, máa ń pe omi yẹn ní Odò Ẹṣin Funfun, nítorí ẹṣin kan tí kì í gbà láti mumi níbòmíràn. Ẹ̀rín kún ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni rí nǹkan he. Láti ọjọ́ yẹn làwọn méjèèjì ti jọ ń rìn lọ sí etí odò láràárọ̀, tí wọ́n ń jiyàn nípa irú ẹṣin tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà tún wà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì ju lẹ́tà ẹlòmíràn sílé wa, màmá mi á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe tiwa, á sì dá a padà sínú àpótí pósítì. Lójú Bàbá, ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa. Orúkọ àdúgbò rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n apá kejì Blanchardstown ló ń gbé. Bàbá wọ kóòtù, ó dé fìlà onírun, ó jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wákàtí mẹ́ta la fi wá a. Màmá mi ti gbé fóònù láti pe ọlọ́pàá nígbà tó wọlé, tó mú kéèkì tí obìnrin náà gé fún un dání nínú bébà.

“Bàbá!” Màmá mi gbé fóònù náà kalẹ̀. “Ẹ sọnù! Ẹ ò mọ ọ̀nà níbí, ẹ wá dá nìkan jáde!”

Ó jókòó, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. “Èmi ò sọnù. Lẹ́tà ló sọnù. Èmi kàn sìn ín lọ sílé ni.”

Nínú báàgì tó gbé wá láti ilé ni mo ti rí lẹ́tà méje kan, tó fi ọ̀rá wé. Mo ń bá a to aṣọ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ti rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Benin, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, tí wọ́n dá a padà. Àdùkẹ́ ló kọ wọ́n sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo.

Àdùkẹ́ fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Òun ló pọ̀n ọ́n. Ìdí-Ẹmì ni abúlé wọn, odò kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń ti ilẹ̀ Benin ṣàn wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àbùmu ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òun ni wọ́n ń bù mu. Nígbà tí Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, Àdùkẹ́ lọ sílé ọkọ ní Àgọ́-Ọdẹ, abúlé kan tó wà lápá òkè odò yẹn, lódì kejì ẹnubodè. Ó ń wá kí wọn nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, kò wá mọ́. Bàbá ní òun ò kà á sí nígbà yẹn, pé ọ̀dọ́ ni òun, iṣẹ́ lòun ń wá.

Ìgbà tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló tó gun kẹ̀kẹ́ lọ wá a. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kò fẹ́ gba ọ̀nà inú igbó kọjá ẹnubodè. Ó gba ọ̀nà mọ́tò, níbi tí wọ́n ti máa lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó mọ Àgọ́-Ọdẹ. Wọ́n ní bóyá abúlé náà ti ṣí, pé ọ̀gbẹlẹ̀ kan ti tú ọ̀pọ̀ abúlé ká. Ó wá ní kí wọ́n júwe odò Àbùmu fún òun, òun á tọ ipa rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kò sí odò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ àwọn. Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. “Sí Àdùkẹ́, ìyàwó ọdẹ, lẹ́bàá Odò Àbùmu.” Ọ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, títí wọ́n fi di méje.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń gbé wọn kiri, tó fi gbé wọn dé Dublin.

“Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, tí kò tíì dé ibi tó ń lọ,” ló wí, “mi ò lè sọ pé mo ti fẹ̀yìn tì.”

Ìjọ wa wà ní Coolock, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń ta táyà wà lọ́tùn-ún wa, àwọn tó ń ṣe fèrèsé wà lósì. Ní ọdún kẹfà tí Bàbá ti wà lọ́dọ̀ wa, màmá arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Màmá Rósálì la ń pè é. Agbègbè Kétu ló ti wá, ní ilẹ̀ Benin. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Lẹ́yìn ìsìn, nídìí ìrẹsì, Bàbá lọ kí i. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó béèrè ìlú rẹ̀, ó wá béèrè odò tí wọ́n ń lò níbẹ̀.

“Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n,” ni Màmá Rósálì wí. “Odò kékeré ni. Àpáta funfun kan wà láàárín rẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní ihò mẹ́ta.”

Bàbá gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀. “Ihò mẹ́ta? Tí ọ̀kan nínú wọn tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Odò wa ni! Àpáta yẹn kò jìnnà sí abúlé wa, a máa ń rìn lọ bá a. Odò Àbùmu nìyẹn!”

“Àbùmu kẹ̀? Àwẹ̀lọ ni. Orí àpáta yẹn la máa ń jókòó sí wẹ̀ tí a bá ń toko bọ̀, ká tó máa lọ sílé.”

“Ẹ̀ ń wẹ̀ níbẹ̀?”

“À ń wẹ̀, à ń fọṣọ, à ń fọ ẹ̀gẹ́.”

“Ìsàlẹ̀ yín la wà!” Bàbá ti dìde dúró. “Omi yẹn là ń mu! Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ná! À-bù-mu!”

Màmá Rósálì wò ó láti òkè délẹ̀. “Ó mà ṣe yín lóore o. Ẹ wo bí ara yín ṣe ń dán.”

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń bọ̀ lórí títì ńlá M50, kò béèrè orúkọ ohunkóhun. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni nínú wa. “Àbùmu ni mo kọ sára àwọn lẹ́tà náà. Méjèèje.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi jókòó sí apá ibi tí màmá náà ń jókòó sí. Àwọn ará ìjọ rò pé inú ló ń bí i nítorí ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fún un ní omi inú ike, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì wẹ̀ nínú ẹ̀. Èmi mọ̀ pé ojú ló ń tì í. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún un nígbà yẹn pé kò sí Àbùmu lódì kejì, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Orúkọ tiwa ló fi ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé onílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó dìde láàárín ìkéde, ó rìn gba ìwájú gbogbo èèyàn kọjá, ó lọ jókòó ti Màmá Rósálì. Mo gbọ́ ohun tó sọ nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé wa ní Sátidé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá odò.”

Sátidé mẹ́rin la fi wá a. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì ìdáná, mo ṣí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti òkè, tí èèyàn lè fi rí òrùlé àti igi. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sí ọ̀tún àti òsì mi. A bẹ̀rẹ̀ láti Kétu, Màmá Rósálì sì ń júwe ọ̀nà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ín.

“Yà sọ́tùn-ún níbi ọjà.”

“Màmá, mi ò rí ọjà kankan níbí.”

“Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge.”

Bàbá ní obìnrin náà ń kó wa kiri inú oko ni. Obìnrin náà ní ta ni kò rí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé? Màmá mi máa ń gbé ẹ̀wà àti dòdò sáàárín wọn kó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ míì wà tí a ò rìn ju ìwọ̀n máìlì méjì lọ nítorí ìjà. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́, mo ń dáhùn, mo ń bá wọn dá sí i, ọ̀sẹ̀ kẹta ni màmá mi tó pè mí sí kọ̀rọ̀ pé ṣé mo mọ̀ pé láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ Yorùbá.

Ní Sátidé kẹrin, a ń tọ ìlà igi tín-ín-rín kan tó ń lọ láàárín ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí àmì funfun kan kọjá lójú wa.

“Má sún un!” Bàbá di ọwọ́ mi mú. “Má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Mo rọra mú un sún mọ́ wa. Àpáta ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èèyàn ò lè rí ihò kankan nínú rẹ̀ láti òkè, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní àwọn ń rí mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà fún ara wọn nìyẹn. Ìlà ẹnubodè gé odò náà sí méjì, a ò sì rí orúkọ kankan lára rẹ̀, níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún.

Àwòrán ilẹ̀ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ibì kan dájú lè kọ orúkọ ibẹ̀ sí i. Mo ṣí i. Mo ní ó yá, kí ni kí n kọ? Màmá Rósálì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Màmá mi pa iná gáàsì kó lè gbọ́ ìjà náà dáadáa.

“Kọ Àwẹ̀lọ,” ni Bàbá wí.

A wò ó.

“Kọ Àwẹ̀lọ síwájú. Kí o wá kọ Àbùmu tẹ̀ lé e, nítorí pé àwa náà wà níbẹ̀.”

“Kí ló dé?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé inú Màmá Rósálì bà jẹ́. “Mo ti múra sílẹ̀ fún yín.”

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Mo bá a gbé fún ọdún mẹ́jọ, mi ò rí i kó jọ̀wọ́ iyàn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá bi mí pé irú èèyàn wo ni bàbá àgbà mi, ìjókòó rẹ̀ nídìí tábìlì yẹn ni mo máa ń rántí. Ó ní: “Iṣẹ́ pósítì ni mo ṣe jẹun, mo wá gbàgbé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa. Orúkọ tí ẹni tó máa gba lẹ́tà ń pe ilé rẹ̀ là ń kọ sára àpò ìwé. Kì í ṣe orúkọ tí àwa ń pè é.”

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Màmá Rósálì yọ fóònù rẹ̀, ó pe Bàsílì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkùnrin àádọ́ta ọdún tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Kétu, ó sì ní kó ju gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀.

Òjò dá Bàsílì padà nígbà àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó wo àwòrán náà lórí fóònù rẹ̀ títí ó fi dé etí omi, ó bá àgbẹ̀ kan tó ń ro oko níbẹ̀. Ó bi í pé ṣé Àwẹ̀lọ nìyí. Ẹni yẹn ní kí ni ì bá tún jẹ́? Ó wá béèrè Àgọ́-Ọdẹ. Àgbẹ̀ náà ní wọ́n ti ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ọjọ́ ti pẹ́, pé orúkọ míì ni wọ́n ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Màmá Àdùkẹ́ ló ń wá, àárọ̀ yìí ni obìnrin náà ṣì bá òun jà nítorí ewúrẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpè náà wọlé, a ṣì wà nínú gbọ̀ngàn ní Coolock. Bàbá gbé fóònù mi sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún gbé tirẹ̀ sún mọ́ ojú jù; ojú kan ṣoṣo àti etí gèlè la rí.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Jòsáyà ni.”

Ojú yẹn ṣẹ́. “Jòsáyà tí mo pọ̀n?”

“Òun ni o.”

“Ibo lo wà láti ọjọ́ yìí?”

Bàbá fa fóònù náà sún mọ́ ojú rẹ̀. “Mo ń kọ lẹ́tà sí yín,” ló wí.

“Lẹ́tà?” Ohùn Màmá Àdùkẹ́ gba gbogbo gbọ̀ngàn. “Èmi tí mi ò mọ̀wé kà?”

Mi ò tíì gbọ́ kí ìjọ wa rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, Màmá Rósálì sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ òun ni.

Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí ara wọn lórí fóònù. Ó ka lẹ́tà méjèèje fún un, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, bí ọjọ́ wọn ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fèsì sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

“Eyín tó ń dùn ọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti yọ ọ́.”

“O ò sì sọ fún mi.”

Oṣù Kejìlá ló fẹ́ lọ kí i. Dókítà ti gbà, màmá mi ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá sì ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun mẹ́fà fún obìnrin tó ń gbé níbi tí oòrùn ti ń mú bí iná. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó fi ayé sílẹ̀. Níbi ìsìn ìdágbére, lẹ́yìn tí gbogbo àwọn olùkẹ́dùn ti sọ̀rọ̀ rere, Màmá Rósálì di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde. Ó wo pósí náà fún ìgbà díẹ̀. “Omi tí mo fi wẹ̀ ni ọkùnrin yìí mu dàgbà,” ló wí. “Ẹ sì rí i bó ṣe pẹ́ tó láyé.” Brendan ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀, ó sì fi fìlà rẹ̀ bo ẹnu kó má bàa pariwo ẹ̀rín nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàsílì ní a ò gbọ́dọ̀ fi fóònù sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó, pé òun á máa sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú pé fóònù ò lọ, títí ẹnì kan á fi dé. Àárẹ̀ mú màmá mi, nítorí náà èmi ni mo lọ, nínú ọyẹ́, lẹ́yìn ọ̀kadà Bàsílì, tí eruku pupa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Màmá Àdùkẹ́ jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

“Ó ti lọ, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Ó gbé ẹ̀gúsí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi etí ìró rẹ̀ bo ojú. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí ojú, ó fa àpótí kan wá fún mi pé kí n jókòó.

“Kì í ṣe ohun tó ń sọ fún mi lórí fóònù ni mo fẹ́ gbọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni kó o sọ. Báwo ló ṣe ṣe níbẹ̀?”

Mo sọ fún un nípa ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́ ṣojú rẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀ funfun. Bàbá gbé abọ́ jáde, ó kó yìnyín kún un, ó gbé e sórí iná, ó ní òun fẹ́ mọ irú omi tó jẹ́. Ó se é títí, ó fi po tíì, ó gbé e fún Brendan lórí fẹ́ǹsì, Brendan sì mu ún tán kó tó bi í pé ibo ló ti bu omi náà. Àṣé ibi tí ajá Brendan máa ń tọ̀ sí ló ti bù ú.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká Màmá Àdùkẹ́. Ó lu itan rẹ̀, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì fi ohùn tó gba gbogbo agbo ilé ké sí àwọn aládùúgbò: “Ẹ jáde wá! Ẹ wá gbọ́ ohun tí àbúrò mi ṣe nílùú òyìnbó!”

Ilẹ̀kùn ń ṣí. Àwọn obìnrin ń gbé àpótí ìjókòó bọ̀, bàbá kan ru bẹ́ǹṣì, ẹnì kan ń nu ọwọ́ tó fi po èlùbọ́. Wọ́n tò yí mi ká. Mo la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀, Màmá Àdùkẹ́ sì na ọwọ́ sí mi.

“Dúró ná. Ìyá Kẹ́hìndé ò tíì dé.”